Ẹ̀jẹ̀ Fún Alárùn Jẹjẹrẹ: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Gbà Á, Nígbà Wo?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, kò sì sí ilé kan ní Ìsundùnrin, tàbí ní ìletò èyíkéyìí lábẹ́ Èjìgbò, tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò lè kan òun láé. Bí a bá gbọ́ pé àrùn jẹjẹrẹ ni ó ń ṣe ẹnì kan, kì í pẹ́ tí ìròyìn kejì yóò fi tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́: dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, kí àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ wá páìntì mẹ́ta wá. Láti ìgbà náà ni ojú yóò ti máa wo ojú. Ẹ̀gbọ́n yóò wo àbúrò, àna yóò wo àna, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ara rẹ̀ le bí òkúta yóò sì rántí pé òun ní iṣẹ́ kan tí òun fi sílẹ̀ ní oko. Ní ìkẹyìn, a ó tọrọ owó, a ó yá owó, a ó sì lọ bá ẹni tí ń fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ṣòwò, ẹni tí a kò mọ ibi tí ó ti wá, tí a kò sì mọ ohun tí ó ń bá a jà lábẹ́ awọ ara rẹ̀.

Nínú gbogbo sáré-ń-bájà yìí, ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í sábà bi: ǹjẹ́ aláìsàn yìí nílò ẹ̀jẹ̀ lónìí? Bí ó bá sì nílò rẹ̀, èé ṣe tí ó fi jẹ́ mẹ́ta, tí kì í ṣe ẹyọ kan? Àwa gbà pé ẹ̀tọ́ aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ni láti bi í, àwa sì gbà pé ojúṣe dókítà ni láti dáhùn rẹ̀ ní èdè tí ẹni tí kò ka ìwé yóò gbọ́. Nọ́ńbà kan ṣoṣo tí a kọ sí orí ìwé àyẹ̀wò kò tó láti fi gbé ìdájọ́ kalẹ̀. Ara aláìsàn náà ni kí a kọ́kọ́ wò, kí a tó wo ìwé.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé tọmọdé tàgbà, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ pupa ń ṣe. Bí alágbàárù ni sẹ́ẹ̀lì pupa rí nínú ara. Atẹ́gùn tí a fà sí ẹ̀dọ̀fóóró ni ẹrù rẹ̀. Yóò gbé e lọ sí ọpọlọ, sí ọkàn, sí ẹsẹ̀ àti sí ọwọ́, yóò sì tún padà wá gbé òmíràn. Nínú mùdùnmúdùn egungun ni a ti ń dá a, ọjọ́ ayé rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 120 lọ kí ó tó gbó. Bí a bá gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, tí a fi ẹ̀rọ yí i kíákíá, sẹ́ẹ̀lì pupa yóò rọ̀ sí ìsàlẹ̀, omi ẹ̀jẹ̀ yóò sì dúró lókè. Ìpín tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn ilé ìwòsàn wa ń pè ní PCV. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá sábà máa ń ní nǹkan bí 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti obìnrin sì máa ń tó nǹkan bí 36. Ní ilẹ̀ òkèèrè, èròjà hemoglóbíìnì tí ó mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n ni wọ́n ń wọ̀n. Bí ẹ bá fi mẹ́ta sọ gíráàmù rẹ̀ di púpọ̀, ẹ ó súnmọ́ PCV. Nípa bẹ́ẹ̀, gíráàmù 7 jẹ́ PCV 21, gíráàmù 10 sì jẹ́ 30. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè kọ ìyẹn sí ojú pátákó.

Ẹ̀jẹ̀ alárùn jẹjẹrẹ kì í dín kù lójú kan ṣoṣo. Ó lè jẹ́ pé ó ń ṣàn jáde, bí ti obìnrin tí jẹjẹrẹ mú ní ẹnu ilé ọmọ, tàbí ẹni tí ó mú ní ìfun tí ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ láìfura. Ó lè jẹ́ pé àrùn náà ti wọ inú mùdùnmúdùn egungun, ibi tí a ti ń dá ẹ̀jẹ̀ gan-an. Oògùn tí a fi ń pa jẹjẹrẹ pẹ̀lú a máa dá iṣẹ́ mùdùnmúdùn dúró fún ìgbà díẹ̀. Àìsàn tí ó pẹ́ lára kì í jẹ́ kí ara lo èròjà irin tí ó ní. Kíndìnrín tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa kì í rán iṣẹ́ sí egungun pé kí ó dá ẹ̀jẹ̀. Kí a má tíì sọ ti ibà, ti aràn inú, àti ti oúnjẹ tí kò lọ lẹ́nu aláìsàn mọ́. Nígbà náà, bí a bá sọ pé "ẹ̀jẹ̀ kò tó", a kò tíì sọ ìdí tí kò fi tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ń da omi sínú ìkòkò tí ó jò láìwá ibi tí ó ti ń jò kò lè sinmi.

Níbo ni òfin nọ́ńbà yìí ti wá? Ní ọdún 1942, àwọn dókítà méjì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Adams àti Lundy, kọ ìmọ̀ràn kan nípa àwọn aláìsàn tí ara wọn kò dá tó tí a sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Wọ́n ní bí hemoglóbíìnì irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ti wálẹ̀ sí ààrin 8 sí 10, yóò dára kí a fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ìmọ̀ràn ni, ìrírí iṣẹ́ wọn ni wọ́n sì fi gbé e kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí àgbà bá sọ tí ó pẹ́ nílẹ̀ a máa di àṣẹ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni a fi ń sọ ní ilé ìwòsàn gbogbo pé ẹni tí kò bá tó 10, tí PCV rẹ̀ kò tó 30, kí a fún un ní ẹ̀jẹ̀. Díẹ̀ ni àwọn tí ó dá a dúró kí wọ́n wò ó bóyá òótọ́ ni.

Ọdún 1999 ni ìwádìí ńlá kan jáde láti ilẹ̀ Kánádà. Àwọn aláìsàn 838 tí àìsàn wọn le ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Apá kan ń gba ẹ̀jẹ̀ bí hemoglóbíìnì wọn bá ti kéré sí 10. Apá kejì kò gbà á àfi bí ó bá kéré sí 7. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, àwọn tí ó gba ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ kò fi ohunkóhun sàn ju àwọn tí ó gba díẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìwádìí mìíràn ti ń tẹ̀ lé e, nígbà tí ó sì di ọdún 2023, ìgbìmọ̀ kan tí ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, tí ẹgbẹ́ AABB ti Amẹ́ríkà kó jọ, gbé ìmọ̀ràn jáde: àgbàlagbà tí ó wà ní ilé ìwòsàn, tí ara rẹ̀ dúró, tí ẹ̀jẹ̀ kò ṣàn lára rẹ̀, kí a má ṣe ronú àtifún un ní ẹ̀jẹ̀ títí yóò fi wálẹ̀ sí 7. Wọ́n ka àwọn alárùn jẹjẹrẹ mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá ní àrùn ọkàn tẹ́lẹ̀, wọ́n ní a lè fi 8 ṣe ti tirẹ̀.

Àwa kò ní fi èyí tàn yín jẹ. Ìgbìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ẹ̀rí tí ó wà nípa alárùn jẹjẹrẹ kò lágbára tó èyí tí ó wà nípa àwọn yòókù. Ìwádìí kan sì wà láti ìlú São Paulo ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, tí ó jáde ní ọdún 2015, tí ó yí ojú sí ibòmíràn. Àwọn 198 ni, tí a ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá fún nítorí jẹjẹrẹ inú ikùn, tí wọ́n sì wà ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe. Nínú àwọn tí a fi 7 dúró dè, nǹkan bí 36 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kú tàbí tí ìṣòro ńlá mìíràn bá. Nínú àwọn tí a fún ní ẹ̀jẹ̀ nígbà tí wọ́n kéré sí 9, nǹkan bí 20 péré ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará Kánádà wo àwọn 300 tí a ń pààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun fún, tí ìwádìí wọn jáde ní ọdún 2020, ẹni tí ó dúró títí di 7 àti ẹni tí a fún ní 9, ìgbé-ayé wọn kò yàtọ̀. Ẹni tí ó bá ní òun ní nọ́ńbà kan tí ó bá gbogbo alárùn jẹjẹrẹ mu, ẹ má gbà á gbọ́, ìbáà jẹ́ 30 ni ó mú lọ́wọ́, ìbáà sì jẹ́ 21.

Kí ni kí a wá wò? Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ènìyàn méjì tí PCV àwọn méjèèjì jẹ́ 23. Ọ̀kan jẹ́ àgbẹ̀ tí kò tíì pé ogójì ọdún. Oṣù mẹ́ta ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi ń rọra dín kù, ara rẹ̀ sì ti bá a lò. Ó ń jẹun, ó ń rìn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kò mí gúlegúle, kò ní ẹ̀dùn kan ju pé ó máa ń tètè rẹ̀ ẹ́. Èkejì jẹ́ ìyá arúgbó tí ọkàn rẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tẹ́lẹ̀. Bí ó bá jókòó lásán, mímí rẹ̀ kò délẹ̀. Àyà ń dùn ún, ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì, bí ó bá dìde, òòyì a kọ́ ọ. Nọ́ńbà kan náà, àmọ́ ìdájọ́ wọn kò lè dọ́gba. Ìyá yẹn nílò ẹ̀jẹ̀, kí a sì wá a ní kíákíá. Ti àgbẹ̀ náà lè dúró nígbà tí a bá ń wá ohun tí ó fa àìtó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lára ènìyàn bí omi ẹ̀rọ, ẹ má dúró de nọ́ńbà kankan, nítorí pé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ṣàn lọ́wọ́lọ́wọ́, ìwé àyẹ̀wò lè má tíì fi bí ó ti pọ̀ tó hàn.

Ọ̀nà kan tún wà tí nọ́ńbà fi ń gba ìdájọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Aláìsàn yóò ti Ìsundùnrin lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, sí Òṣogbo, sí Ilé-Ifẹ̀ tàbí sí UCH ní Ìbàdàn, pé òun fẹ́ gba oògùn jẹjẹrẹ. Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tí ẹ̀jẹ̀ kò tó ìwọ̀n tí ilé ìwòsàn náà fẹ́, wọn yóò ní kí ó lọ wá ẹ̀jẹ̀ kí ó tó padà wá. A kò sọ pé èyí burú ní gbogbo ìgbà. Oògùn tí ń bọ̀ yóò tún fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ sí i, ọ̀pọ̀ dókítà tí ń fi ìtànṣán wo jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ sì máa ń fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà ga díẹ̀, nítorí pé àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó ni ìtọ́jú náà kì í sábà ṣe dáadáa fún. Ṣùgbọ́n àìtó ẹ̀jẹ̀ lè jẹ́ àmì pé àrùn náà ti le, kí ó má jẹ́ òun ni ó ba ìtọ́jú jẹ́. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí èyí. Nítorí náà, kí dókítà sọ ìdí rẹ̀ fún ẹbí. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tí a ṣì ń wá páìntì kan láti fi gba oògùn, àrùn náà kò dúró dè wá.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbà pé ẹ̀jẹ̀ tí a fà síni lára dà bí oògùn amáradán, pé bí a bá ti "jò ó sí i", agbára yóò dé. A máa ń fi ẹsùn kan dókítà tí kò bá fún bàbá wa ní ẹ̀jẹ̀ pé kò náání wa. Nígbà mìíràn, dókítà á kọ ọ́ sílẹ̀ kí a lè fi í sílẹ̀ kí ó sinmi. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe omi iyọ̀. Láti ìgbà tí Karl Landsteiner ti ṣàwárí ní ọdún 1901 pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ju oríṣi kan lọ, a ti mọ̀ pé èyí tí kò bá bá ara mu lè pani. A ní láti yẹ ẹ́ wò fún éèdì àti fún mẹ́dọ̀wú, àyẹ̀wò náà sì ní bí ó ti lè mọ. Bí a bá sì da páìntì mẹ́ta lura sínú ara ìyá arúgbó tí ó kéré lára, omi lè kún ẹ̀dọ̀fóóró rẹ̀, kí ó máa mí bí ẹni tí ó rì sódò. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ẹyọ kan ni kí a fà sí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò ṣàn lára rẹ̀, kí a tún yẹ̀ ẹ́ wò, kí a tó ronú èkejì. Páìntì kan a máa gbé PCV àgbàlagbà sókè ní nǹkan bí mẹ́ta. Kí ó má ju wákàtí mẹ́rin lọ tí a fi ń fà á, kí nọ́ọ̀sì sì dúró ti aláìsàn ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́. Bí òtútù bá ń mú un, bí ara rẹ̀ bá ń yún un, bí èémí rẹ̀ bá yí padà, kí ẹni tí ó wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì pariwo.

A kì í sì í fi oníjà sílẹ̀ gbájúmọ́ alápẹpẹ. Bí ó bá jẹ́ àìtó irin ni, irin wà ní oògùn jíjẹ àti ní èyí tí a ń fà sí iṣan. Bí ó bá jẹ́ ibà, kí a wo ibà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ti ojú jẹjẹrẹ ṣàn, ìtànṣán lè dá a dúró. Abẹ́rẹ́ kan wà tí í sún egungun láti dá ẹ̀jẹ̀, àmọ́ ó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó ṣiṣẹ́, ó lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan, a kì í sì í gbà á níyànjú fún ẹni tí a ń retí pé kí ó bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà pátápátá.

Apá kan ọ̀rọ̀ yìí wà tí ó wúwo lẹ́nu wa láti sọ. Ìgbà ń bẹ tí jẹjẹrẹ ti gba gbogbo ara, tí àwọn dókítà mọ̀ pé ọjọ́ kò pọ̀ mọ́. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ni ẹbí máa ń ta ilẹ̀ oko, tí wọ́n ń ta ọ̀kadà, kí wọ́n lè ra páìntì kẹfà àti ìkeje. Bí ẹ̀jẹ̀ náà yóò bá jẹ́ kí ó mí dáadáa, kí ó lè jókòó bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, àwa kò ní sọ pé kí a má fún un. Ṣùgbọ́n bí a bá fún un ní ìṣáájú tí kò sì yí ohunkóhun padà, kí ẹnì kan tí ó ní ìgboyà sọ fún ẹbí náà. Ìdákẹ́ dókítà ní ọjọ́ yẹn, owó gọbọi ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò fi san án.

Ẹnì kan lè ní èwo ni tiwa nínú páìntì tí ẹlòmíràn fi owó rẹ̀ rà. Tiwa ni, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀. Inú fíríìjì tí ó tutù láàárín ìwọ̀n 2 sí 6 ni a ń tọ́jú rẹ̀ sí, kò sì ju ọjọ́ 35 sí 42 lọ kí ó tó bàjẹ́. Páìntì tí a fún ẹni tí kò nílò rẹ̀ ní òwúrọ̀ ni a kò ní rí fún obìnrin tí ó bímọ tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára rẹ̀ ní alẹ́. Àwọn ọmọ Èjìgbò wà ní Abíjá káàkiri, wọ́n lówó, wọn kì í sì í fi ti ilé ṣeré. Owó lè ti Abíjá dé ní wákàtí kan. Ẹ̀jẹ̀ kò lè ti ibẹ̀ wá. Láti apá ọwọ́ ẹni tí ó wà nílé ni yóò ti jáde.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ti ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ jẹ́, ẹ máa ń béèrè ọ̀nà, omi àti iná lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wá tọrọ ìbò. Ẹ fi ẹyọ kan kún un. Ẹ béèrè pé ilé ìwòsàn ìjọba tí ó súnmọ́ wa jù lọ, ǹjẹ́ fíríìjì ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ǹjẹ́ iná ń jó sí i tọ̀sán-tòru, ta ni ó sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò? Òfin tí ó dá Àjọ Ìpèsè Ẹ̀jẹ̀ ti orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀ ti wà láti ọdún 2021. Láti ọdún 1975 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti ní kí ẹ̀jẹ̀ máa ti ọwọ́ ẹni tí ó fi í tọrẹ wá, kí ó má ti ọjà wá. Òfin kò fi ẹ̀jẹ̀ sínú fíríìjì. Ẹni tí ó bá ti pé ọdún 18, tí kò tíì kọjá 65, tí ó wọ̀n tó kìlógíráàmù 50, tí ara rẹ̀ sì dá, lè fi páìntì kan sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú ẹbí rẹ̀ ń ṣàìsàn.

Ẹ̀yin olùkọ́ Ìsundùnrin àti ti Èjìgbò, ọ̀dọ̀ yín ni a fi èyí tí ó kù sí. Ọjọ́ 14 oṣù kẹfà, ọjọ́ tí a bí Landsteiner ní ọdún 1868, ni gbogbo ayé ń fi ṣe ọjọ́ àwọn afẹ̀jẹ̀tọrẹ. Ẹ pe àwọn òbí sí ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ náà, kí nọ́ọ̀sì kan wá bá wọn sọ̀rọ̀, kí ẹ sì kọ ìbéèrè mẹ́rin fún àwọn ọmọ kí wọ́n mú un lọ ilé: Kí ni ó fa àìtó ẹ̀jẹ̀ náà? Kí ni ẹ̀jẹ̀ yìí yóò ṣe fún un? Ṣé ẹyọ kan kò tó? Bí a kò bá fún un lónìí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ọmọ tí ó bá ti kọ wọ́n sínú ìwé rẹ̀ ni yóò kà wọ́n sí etí bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí wọ́n lọ wá páìntì mẹ́ta.